Àádọ́ta Ìṣísẹ̀ sí Etí Kànga

Ibi tí Bàbá àgbà mi ní kí a má sin òkú sí láéláé, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sin òun fúnra rẹ̀ sí. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá péré ni láti ẹsẹ̀ sàréè rẹ̀ dé etí kànga tó fi ogójì ọdún tọ́jú. Mo kà á. Mo tún un kà, nítorí inú bí mi débi pé mi ò gba ojú ara mi gbọ́. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ náà mọ iye ìṣísẹ̀ tó yẹ kó jẹ́. Kò sí ọmọdé kan nínú agbo ilé wa tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn fi bọlá fún un ni.

Ohun tó sì tún ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ àwọn tó wá kí wa. Wọ́n ní onísùúrù ni Bàbá. Bàbá ò ní sùúrù rárá. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ta ni kò bá jà? Ó bá àwọn bíríkìlà jà, ó bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ jà, ó bá àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ jà lọ́jọ́ tí ìyàwó tirẹ̀ kú. Ẹ jẹ́ kí èmi Rálíátù, tí ó máa ń pè ní Àṣàkẹ́, sọ irú ẹni tó jẹ́. Bàbá mi tètè kú, ọwọ́ Bàbá àgbà ni mo sì dàgbà sí. Mo mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ń fi ìyìn bò ó mọ́lẹ̀ lọ.

Sálíù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Kànga ni gbogbo abúlé tó yí wa ká lẹ́yìn Ìlọrin ń pè é. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, gbígbẹ́ ló ń gbẹ́ kànga. Nígbà tí èmi fi máa mọ̀ ọ́n, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, títọ́jú kànga ló kù tó ń ṣe pẹ̀lú oko rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú kí omi lọ sílẹ̀, wọ́n á wá a wá: kí ó wá bá àwọn gbọ́n kànga, kí ó kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tó ti sán létí rẹ̀ kí àgbàrá òjò má baà máa ṣàn wọ̀ ọ́. Kì í kọ́kọ́ wo inú kànga bó bá dé ilé oníǹkan. Ilẹ̀ àyíká ló máa ń wò, á máa rìn yíká bí ẹni tó sọ nǹkan nù, ẹni tó pè é á sì máa fojú wo aago.

Nínú agbo ilé wa, òfin rẹ̀ ò pọ̀. Ìfami kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wọ inú kànga. Òun ló fi rọ́bà inú táyà lọ́rì rán an, ó so okùn mọ́ ọn, ó sì ri igi kan mọ́lẹ̀ létí kànga tí a ó máa gbé e kọ́. Ìfami yìí ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. O fà á jáde, o da omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì tìrẹ, o gbé e padà kọ́. Ẹni tó bá ju báàkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sínú kànga, ọ̀ràn ló dá yẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Alájì, tó ń tajà ní àdúgbò Post Office nígboro Ìlọrin, gbé ìyàwó tuntun wálé. Ọmọ Ìlọrin gidi ni ìyàwó náà, inú ilé àwọn Àáfà ló ti wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó jí, ó mú báàkẹ́ẹ̀tì tuntun tó ń dán gbinrin, ó so okùn mọ́ ọn, ó sì jù ú sínú kànga. Ọmọ ọ̀hún fẹ́ fi hàn pé òun ò ya ọ̀lẹ ni. Kí ó tó fà á dé òkè, Bàbá ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ò pariwo. Ó gba báàkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kí gbogbo wa lè rí ìdí rẹ̀. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ méjì lẹ̀ mọ́ ọn.

Alájì sáré jáde pẹ̀lú ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan lọ́rùn. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àlejò ni. Ẹ fọwọ́ wọ́nú.”

Bàbá ní, “Mi ò bá a wí. Mo fẹ́ kó mọ̀ ni.” Ó wá yíjú sí ìyàwó, ó ní, “Ìyàwó wa, ibi tí ewúrẹ́ jókòó sí ni báàkẹ́ẹ̀tì ẹ jókòó sí lánàá. Òun ló wá ń jókòó sẹ́nu wa yìí.”

Ó gbọ́n kànga náà tán lọ́jọ́ yẹn. Láti àárọ̀ títí di ìrun àlàásárì ló fi ń gbọ́n ọn, omi ń ṣàn gba ìta lọ níṣojú àwọn tó wá kí ìyàwó kú ewu ìrìnàjò. Alájì ò gbàgbé ọjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ náà ò sì gbàgbé, ṣùgbọ́n ohun tí òun rántí nínú rẹ̀ yàtọ̀.

Ìjà Bàbá pẹ̀lú àwọn ará ìlú tún le ju ti ilé lọ. Ìgbà Sáàpù ni, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, nígbà tí omi ẹ̀rọ ò dúró déédéé mọ́ ní àdúgbò Adéwọlé nígboro Ìlọrin, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ránṣẹ́ pe Bàbá. Mo tẹ̀ lé e lọ nítorí mo fẹ́ rí ilé alájà. Ọ̀gá náà jáde pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ abíyá. Ó ní omi kànga òun ń rùn, kí Bàbá wọ inú rẹ̀ lọ, kí ó bá òun gbọ́n ọn.

Bàbá ò wo kànga. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, “Ọ̀gá, níbo ni omi ṣáláńgá yín ń gbà lọ?”

Ọ̀gá fi bàtà tẹ kọnkéré kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a dúró sí. “Sókawéè rè é. Ẹnjiníà ló ṣe é, Bàbá. Kì í ṣe ti abúlé.”

Bàbá ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé etí kànga. Mẹ́fà ni. Ó ká okùn rẹ̀ padà sí èjìká. Ó ní, “Ẹ ti so kànga àti ṣáláńgá ní yìgì. Èmi kọ́ ni n ó wá máa fọ aṣọ ìyàwó fún wọn.”

Ọ̀gá náà bínú. Ó ní ta ni àgbẹ̀ tí kò lọ sílé ìwé láti máa kọ́ òun níbi tí omi ń gbà. Bàbá kí i pé ó dàbọ̀ pẹ̀lú ìtẹríba, nítorí kì í fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nílé bó bá ń jà. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Post Office ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Wọ́n ní omi ò ní ọ̀tá. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì dé Adéwọlé.”

Àwọn kan rò pé kò gba Ọlọ́run gbọ́ tó, nítorí pé kì í jẹ́ kí wọ́n fi àdúà bo iṣẹ́. Irọ́ ni. Bàbá kì í jẹ́ kí ìrun ó re òun kọjá. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọ inú kànga èyíkéyìí, ó máa ń so okùn mọ́ àtùpà tí a ti tàn, á rọra sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí iná àtùpà bá ń jó, á wọlé. Bí ó bá kú, afẹ́fẹ́ burúkú wà níbẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ tó máa mú un wọ̀ ọ́.

Ní abúlé kan lọ́nà oko, àtùpà kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Baálé ilé náà jẹ́ ẹni tó kàwé Lárúbáwá dáadáa. Ó sún mọ́ Bàbá, ó ní, “Sálíù, wọlé. Mo máa ṣe àdúà sí ẹ lára, kò ní sí nǹkan kan, Wàláì.”

Bàbá ń ká okùn àtùpà rẹ̀ lọ. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Àáfà. Ti àárọ̀ tí mo ṣe ti gbà. Òun ló jẹ́ kí n rántí mú àtùpà wá.”

Ẹ ó máa béèrè ibi tó ti rí àádọ́ta ìṣísẹ̀. Èmi náà bi í. Mo rò pé ó kọ́ ọ lọ́wọ́ òyìnbó kan ni. Ó ní lọ́wọ́ ìyá òun ni. Aláró ni ìyá rẹ̀, ó ń pa aṣọ láró nínú agbo ilé kan náà yìí, ó sì ní kòtò kan lápá òkè tó máa ń da omi aró tó ti gbó sí. Ní ọdún kan, òjò pọ̀. Wọ́n fa omi nínú kànga láàárọ̀, omi náà dúdú mìnìjọ̀. Bàbá rẹ̀ fi fọ aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ sí Jímọ̀, aṣọ di aláwọ̀ aró. Gbogbo ilé ní àlùjànnú ló wọ inú kànga. Wọ́n pe Àáfà, wọ́n ṣe sàráà, wọ́n pa àgbò. Omi ò yí padà.

Sálíù, tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, ló lọ dúró létí kòtò aró tó sì rìn lọ sí kànga. Ogójì ìṣísẹ̀. Ó bẹ ìyá rẹ̀ kí ó gbé kòtò náà lọ sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn kànga, lápá ibi tí omi ń ṣàn lọ. Ìyá rẹ̀ gbà. Kí òjò ọdún kejì tó dá, omi ti mọ́ padà.

Mo ní, “Bàbá, ogójì lẹ wí. Kí ló wá dé tó fi di àádọ́ta?”

Ó ní, “Ogójì ni mo rí. Mẹ́wàá yòókù, sàráà ni mo fi ṣe.” Ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. “Ilẹ̀ kì í ṣe ògiri, Àṣàkẹ́.”

Ìyẹn ló fi gbin igi lápálápá yí kànga ká, ní àádọ́ta ìṣísẹ̀ lápá òkè. Igi náà ta, ó di ọgbà. Ṣáláńgá ò gbọ́dọ̀ sí nínú ọgbà náà, ààtàn ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, ẹran ò gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀. Nígbà tó ń ṣe òfin yìí, kò sẹ́ni tó rántí sàréè. Ta ló máa ń rántí sàréè nígbà tí gbogbo ara bá le?

Bẹ́ẹ̀, àwọn yàrá tí a ń sùn sí, tí àgbàlá wọn dojú kọ kànga, inú ọgbà náà ni gbogbo wọn wà. Àṣà àwọn ará ilé wa sì ni pé inú ilé ni à ń sin àgbà sí. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sínú igbó ní ayé àtijọ́, ẹni tó kú ikú burúkú ni. Àwa ti gba ẹ̀sìn láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wo igbó ò yí padà.

Ìyá àgbà mi, Àsímáwù, kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí mo ṣì ń lọ sí ilé ìwé girama. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ni. Mi ò lè sọ bí obìnrin yẹn ṣe jẹ́ sí Bàbá. Mo kàn mọ̀ pé òun nìkan ṣoṣo ni kì í bá a jà, òun nìkan ló sì máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń ka ìṣísẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá rẹ̀. Alájì ló ń darí wọn, ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún. Bàbá jáde, ó rí wọn. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ dé orúnkún, ó dúró sínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ́ kúrò.

Ariwo sọ. Àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí agbo ilé nígbà náà, fi ọ̀pá tì í láyà. Ó ní, “Sálíù, ìwà burúkú wo ni ìyàwó ẹ hù tó o fẹ́ gbé e sọ sígbó?”

Bàbá ní, “Kò hùwà burúkú kankan. Ẹni rere ni.”

“Ṣé ẹni rere là ń gbé lọ sí oko?”

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Kànga ò mọ ẹni rere.”

Bàbá jáde nínú ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti etí kànga, ó ń ka ìṣísẹ̀. Wọ́n ní kò sunkún. Èmi tẹ̀ lé e, mo sì rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti etí kànga, nítorí pé bó bá kà á dé ogún tàbí ọgbọ̀n, ẹkún á gbé ohùn rẹ̀, á sì sọ òǹkà nù. Bàbá tí kì í ṣi òǹkà rí. Ó kọjá lápálápá lápá ìsàlẹ̀, ó dé ìdí igi ẹ̀mí kan, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, létí oko ẹ̀pà, ibẹ̀ ló sì ní kí wọ́n gbẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Ìyá sí.

Nígbà tí wọ́n bo ilẹ̀ tán, ó fi ọ̀pá fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Alájì wà níbẹ̀. Gbogbo ọmọ rẹ̀ tó wà láàyè wà níbẹ̀. Ó ní, “Ibí ni tèmi. Ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ.”

Kò sì tún un sọ, nítorí pé ó rò pé àwọn tó dàgbà ló bí. Ohun tó ń ṣe ni pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bó bá ti ti mọ́sálásí dé, á mú àdá, á lọ ro ìdí igi ẹ̀mí. Á ro sàréè Ìyá, á sì ro ààyè tirẹ̀ pẹ̀lú. Mo bá a ro ó nígbà púpọ̀. Ní ọjọ́ kan mo ní kí ó jẹ́ kí koríko hù sí ti ẹ̀gbẹ́, kò sáà sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó ní, “Ìyá rẹ ò fẹ́ràn kí n pẹ́ níta. Jẹ́ kó rí i pé ilẹ̀ mi ti wà ní títẹ́.”

Ṣùgbọ́n láàárín ìlú, wọ́n ń fi Alájì ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lọ́jà, ẹnì kan á sọ pé ọmọ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ gbé sọ sóko ni. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Mi ò sọ pé kò dùn ún. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdùnnú tàbí ìrora Alájì kọ́ ló yẹ kó yan ibi tí Bàbá máa sùn.

Bàbá kú ní ìgbà ọyẹ́, ní àárín àwọn ọdún 1990. Èmi ti di tíṣà ní ilé ìwé kan ní àdúgbò Fate ní Ìlọrin nígbà náà. Ìrun àsùbáà ni wọ́n ní ó ń ki lọ́wọ́ tó fi jókòó tí kò sì dìde mọ́. Wọ́n rán ẹnì kan sí mi, ó dé bá mi ní kíláàsì nígbà tí oòrùn ti ń ga. Epo bẹntiróòlù wọ́n lọ́jọ́ náà, kò sí ọkọ̀. Mo dúró ní Post Office títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ìgbà tí mo fi dé abúlé, wọ́n ń pe ìrun àlàásárì. Wọ́n ti sin ín lẹ́yìn ìrun àílà.

Mo gba ìdí igi ẹ̀mí lọ tààrà. Ilẹ̀ tó ro sílẹ̀ wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò tíì sin ín. Mo wá padà sínú agbo ilé, mo rí yẹ̀pẹ̀ pupa tuntun láàárín àgbàlá, mo rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń fa omi lẹ́bàá rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ka mẹ́tàlá.

Alájì jókòó sórí àga, àwọn ènìyàn yí i ká. Mi ò kí i. Ọlọ́run dárí jì mí, mi ò kúnlẹ̀. Mo ní, “Alájì, kí lẹ ṣe yìí?”

Ó ní, “Rálíátù, jókòó. A ò lè gbé Bàbá Kànga lọ sínú oko bí ẹni tí kò bímọ. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ẹ̀bá kànga rẹ̀ la tẹ́ ẹ sí. Kí ló tún lè yẹ ẹ́ ju ìyẹn lọ?”

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ti Bàbá ò ṣẹ láàárọ̀, wọn ò sì jẹ́ kó ṣẹ lálẹ́. Ẹni tó dá òfin, tó fi ìyàwó rẹ̀ san án, tó gba èébú lé e lórí, ara rẹ̀ náà ni wọ́n wá fi rú òfin ọ̀hún. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn rú nǹkan.

A ò lè hú òkú. Mo mọ ìyẹn. Nítorí náà kànga ló kù tí a lè ṣe nǹkan sí. Ní ọjọ́ fìdáù, ọjọ́ kẹjọ, omi kànga náà ni wọ́n fi se oúnjẹ, òun ni wọ́n sì gbé fún àlejò. Àáfà ṣe wáàsí, ó sọ ọ́ dáadáa. Ó ní ẹni tó bá fi kànga sílẹ̀ láyé, gbogbo ẹni tó bá mu ún ń kó láádá ránṣẹ́ sí i nínú sàréè. Obìnrin kì í dìde sọ̀rọ̀ ní fìdáù. Mo dìde. Mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n má mu omi náà mọ́, kí a bo kànga náà pa.

Àáfà ò bínú. Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ gé láádá bàbá ẹ kúrú ni?”

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára, mi ò ní parọ́. Mo wá ní, “Àáfà, bí omi náà bá ṣe ọmọdé níkùn, kí ló máa ránṣẹ́ sí i nígbà náà?”

Alájì ní, “Bàbá wa ni yóò ba omi jẹ́? Ẹni mímọ́ bí i tiẹ̀?”

Mo ní, “Kànga ò mọ ẹni rere.”

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìyá mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún bu omi mu.

Nígbà tí àlejò tú ká, mo lọ sí etí kànga. Mo tú okùn, mo ká a, mo mú ìfami Bàbá lórí igi tí a ń gbé e kọ́, mo kó méjèèjì sínú báàgì mi. Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo kó wọn lọ sí yàrá mi ní Fate, mo sì fi wọ́n kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti kó wọn lọ, ìyàwó Alájì wá bá mi ní ilé ìwé. Ẹni tó di báàkẹ́ẹ̀tì dídán mú nígbà kan ti di ìyá ọmọ márùn-ún. Ó kúnlẹ̀ fún mi níwájú kíláàsì, mo sáré gbé e dìde. Ó ní odò ni àwọn ń lọ pọn omi láti ìgbà tí mo ti lọ, ọ̀nà náà jìn, ẹ̀ẹ̀rùn sì mú. Ó ní kí n bá àwọn dá ìfami padà.

Mo ní, “Ìyá wa, ìfami pọ̀ lọ́jà. Ẹ ra òmíràn. Tàbí kí ẹ ju báàkẹ́ẹ̀tì sí i.”

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. Ó ní, “Ta ló máa kọ́kọ́ ju tiẹ̀ sí i?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: omijé bọ́ lójú mi. Wọ́n ti gbé òkú sẹ́bàá kànga, wọ́n ti mu omi rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ fìdáù kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú agbo ilé náà tó lè ju báàkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sínú kànga Bàbá. Òfin kékeré ni wọ́n pa mọ́. Ti ńlá ni wọ́n sọ nù. Mo sọ fún un pé mi ò ní dá a padà àfi bí kànga mìíràn bá wà tí a óò so ó mọ́. Ó ní òun á lọ sọ ọ́ fún ọkọ òun, àti pé lọ́tẹ̀ yìí òun ò ní dákẹ́.

Mi ò mọ ohun tó sọ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Alájì ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá. Mo bá a létí sàréè Bàbá pẹ̀lú àwọn agbẹ́kànga méjì. Kò kí mi dáadáa, èmi náà ò kí i dáadáa. Ó kọjú sí òkè, lápá ibi tí omi ti ń bọ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Sókè ketekete ló ń ka ìṣísẹ̀. Mi ò gbọ́ kí Alájì kà á rí láyé rẹ̀. Nígbà tó dé ogójì, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó dé àádọ́ta, àwọn agbẹ́kànga gbé ọkọ́. Ó fọwọ́ dá wọn dúró, ó sì rìn mẹ́wàá sí i.

Ó ní, “Mẹ́wàá yìí, mo fi ṣe sàráà fún Bàbá.”

Wọ́n kọ́kọ́ sọ àtùpà kalẹ̀ lójoojúmọ́ kí wọ́n tó wọlé, èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kan omi kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. A da kọnkéré bo kànga àtijọ́, Alájì fi àgádágodo tì í, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo gbé ìfami Bàbá wá láti Fate, mo so okùn rẹ̀ mọ́ igi tuntun, mo fa omi àkọ́kọ́, mo sì bu ife kan fún Alájì nítorí òun ni àgbà.

Ó mu ún dé ìdajì. Ó ń wo apá ìdí igi ẹ̀mí. Ó ní, “Rálíátù, bó bá kan tèmi, ẹ̀gbẹ́ Ìyá ni kí ẹ tẹ́ mi sí. Ààyè ṣì wà níbẹ̀, àbí?”

Mo ní, “Kò sí ààyè níbẹ̀, Alájì. Ẹnì kan ti gbà á tipẹ́.”